Fóònù Orí Kọ́bọ́ọ̀dù Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé ara yín le, torí bí ẹ ṣe ń pariwo lórí fóònù, aláìsàn kò lè ṣe é. Ara Màmá náà ti ń yá. Ìbàdí tó ń dùn wọ́n látìgbà tí wọ́n ti ṣubú ní balùwẹ̀ ti fúyẹ́, wọ́n ti ń dá dìde. Ẹ bá wa dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ tó kù yìí, mi ò lè fẹnu sọ ọ́ fún yín, ojú ń tì mí.

Ẹ rántí fóònù mi àtijọ́ tí ẹ ní kí n sọ di kámẹ́rà sí yàrá Màmá, kí n lè máa rí wọn láti ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé tí mo ti ń ránṣọ. Gbogbo ìgbà tí iná bá lọ tó sì dé ni ráútà ń fún un ní àdírẹ́sì mìíràn, tí mà á wá àwòrán Màmá tì. Mo ṣe bí ẹ ṣe kọ́ mi. Mo tẹ orúkọ wáìfáì ilé wa lórí fóònù náà, mo yí i kúrò níbi tó ti ń gba àdírẹ́sì fúnra rẹ̀, mo wá fọwọ́ ara mi tẹ èyí tí kò ní yí padà. Mo mú nọ́ńbà ìparí rẹ̀ jìnnà sí àwọn tí ráútà ń pín, kí fóònù méjì má baà máa du ẹyọ kan. Mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Látìgbà náà, iná lọ, iná dé, Màmá ò kúrò lójú mi. Mo kàn ń yan kiri bí ẹnjiníà.

Nígbà tí Màmá béèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀, mo ní mo ń fi iná sí i ni. A ti jọ sọ ọ́ pé tí wọ́n bá mọ̀, wọn ò ní gbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń wọn aṣọ fún nọ́ọ̀sì kan. Fóònù mi wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlùmọ́gàjí, mo sì ṣí i sílẹ̀ sórí àwòrán Màmá. Omi ti dà sí Màmá lára, wọ́n ń bọ́ ìró. Onídìrí ìsọ̀ kejì tó wá gba búláòsì rẹ̀ na ọrùn wò ó, ó ní, "Yéè! Ta ló bọ́ra sílẹ̀ báyìí?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Mo sáré dojú fóònù dé. Nọ́ọ̀sì yẹn gbójú sí ògiri. Ńṣe ló dà bíi kí ilẹ̀ lanu kí n wọlé.

Onídìrí ò lè pa ẹnu mọ́. Ó lọ kí Màmá, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà dá àpárá fún wọn. Mi ò tíì gbọ́ nígbà náà. Nígbà tí mo wo fóònù lọ́jọ́ kejì, aṣọ ìròde wọn ló wà lára wọn, wọ́n wé gèlè, wọ́n jókòó ṣánṣán sí etí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì kojú sí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo rò pé wọ́n ń retí àlejò. Títí ọ̀sán fi pọ́n, wọn ò fẹ̀yìn lélẹ̀. Wọ́n kàn ń nu òógùn.

Mo wọlé lọ bá wọn. "Màmá, ṣé kò sí o? Ẹ ò ṣe sùn díẹ̀?"

Wọ́n ní, "Mi ò mọ ìgbà tí àwọn oníbàárà rẹ fẹ́ wò mí. Kí wọ́n bá mi bí èèyàn."

Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìbàdí, mo ṣàlàyé balùwẹ̀, mo tiẹ̀ dárúkọ yín sí i. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ni mo wẹ̀, tí mo fi aṣọ bò. Mi ò pe aládùúgbò kó wá wò yín." Mo yọ fóònù náà lójú wọn. Wọ́n tú gèlè, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n kojú sógiri.

Nígbà tó yá, mo lọ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́, torí ẹ̀rù pé wọ́n lè tún ṣubú ṣì ń bà mí. Wọ́n rò ó lọ, rò ó bọ̀, wọ́n ní, "Gbé e sí ṣọ́ọ̀bù rẹ. Èmi ni kó o jẹ́ kí n máa wò ọ́. Tí mo bá nílò rẹ, mà á pè ọ́." Bẹ́ẹ̀ la ṣe é. Àdírẹ́sì yẹn náà ni, mo kàn fi sínú fóònù tiwọn kí wọ́n lè máa rí mi. Gbogbo oníbàárà ni mo ti sọ fún pé Màmá ń wò wá.

Ní báyìí, mi ò lè na ẹ̀yìn kí n má wo fóònù tí mo gbé sókè yẹn. Mo ń ya irun kí n tó ṣí ìlẹ̀kùn. Lánàá, mo ń jágbe mọ́ ẹni tó wá béèrè aṣọ tí mo pẹ́ lórí rẹ̀, ni fóònù mi bá dún. Màmá ni. "Rọra. Ìwọ lo jẹ̀bi. O ò sì tíì jẹun látàárọ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n fúnra yín, kí ẹ bẹ̀ wọ́n. Mi ò lè bá yín bẹ ti yín.

Ọlọ́run á dá yín sí, á fi àwọn ọmọ yín ṣìkẹ́ yín, ojú ò ní tì yín lọ́jọ́ ogbó.

Èmi ni àbúrò yín tó ń kúnlẹ̀ kí yín,
Télọ̀ yín.

Mo tún rántí: Màmá bi mí bóyá ẹ̀yin náà máa ń rí wọn láti ọ̀hún. Mo ní rárá, pé kò kọjá wáìfáì ilé wa. Wọ́n tún bi mí. Mo tún ní rárá. Wọ́n ní àwọn ò gba tèmi gbọ́ mọ́, kí n lọ pe nọ́ọ̀sì yẹn tó gbójú kúrò lára àwọn wá, kí òun náà sọ ọ́ létí àwọn.