Àbẹ́là Tí A Tàn fún Kámẹ́rà

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta
Ẹgbẹ́ wa ti ku méjì nínú ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n yìí: èmi olórí, àti Ẹnudùn. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹnu ẹni ọgọ́ta. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí: ká ṣe àbẹ́là olóòórùn dídùn, ká tà á lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá borí níkẹyìn máa gba ṣọ́ọ̀bù. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé onílé ni Màmá mi ti ń ránṣọ. Tójò bá rọ̀, aṣọ oníbàárà á rin gbingbin. Mo gbọ́dọ̀ gba ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Ọjọ́rú, 5
Ọkùnrin tó ń darí kámẹ́rà — Tún-un-ṣe ni mo sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ — ní ká tún ìda dà, pé n ò rẹ́rìn-ín. Ìda gbígbóná ta sí mi lọ́wọ́, ṣé kí n máa rẹ́rìn-ín ni? Ẹnudùn ní tiẹ̀ ń bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìyá ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6
Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà lọ ra páálí tá a máa kó ọjà sí. Kí n tó dé, Tún-un-ṣe ti ní kí Ẹnudùn tan gbogbo àbẹ́là, pé ó máa rẹwà nínú àwòrán. Ó tàn án. Ó pa á. Wọ́n tún un ṣe. Gbogbo ọjà wa — orí dúdú, ara ti yọ́. Ta ló ń dáná sun ọjà tó fẹ́ tà? Mo bi í. Ó ní, "Ọ̀gá mi, wọ́n ní kí n tàn án ni." Ó yá o. Tí wọ́n bá ní kí olórí dárúkọ ẹni tó máa lọlé, tiẹ̀ ti wà lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Mo ní ká kó o dà nù. Ó tà á tán! Ó ń sọ fáwọn èèyàn pé tiwa nìkan la ti dán wò, pé ta ló mọ̀ bóyá ti ẹgbẹ́ kejì máa tàn. Inú bí mi ju tàná lọ. Ṣùgbọ́n àbẹ́là àlòkù ò lè pa owó tuntun. Ẹgbẹ́ kejì borí. Ọ̀kan nínú wa á lọlé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Ìyá tó ń ṣe adájọ́ ní kí n dárúkọ. Mo dárúkọ Ẹnudùn wéré. Ó dùn lẹ́nu mi. Tún-un-ṣe ní iná ò dáa, ká tún un ṣe. Mo tún dárúkọ ẹ̀. Kò dùn tó ti àkọ́kọ́. Wọ́n ní òjìji ẹnì kan bọ́ sójú àwòrán — ká tún un ṣe. Mo wo Ẹnudùn. Ó ń ha ìda tó gbẹ sí i léèékánná. Ọjà tí mo fẹ́ dà nù, òun ló tà á. Adájọ́ tún béèrè.
Mo dárúkọ ara mi.
Tún-un-ṣe ní, "Ó dáa. Ìyẹn la máa lò."
Ta ló rán mi níṣẹ́?

Ọjọ́ Àìkú, 9
Mo délé. Mo bá Màmá lábẹ́ àtẹ̀gùn, mo ro gbogbo ẹ̀ fún un. Ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Ó ní:
"Wọn ò lè ní kẹ́ ẹ tún un ṣe?"