Hóró Kòkó Kan ní Ọwọ́ Ìyá Àgbà

Ọ́fíìsì Ọ̀gá Pátápátá,
Àjọ Tí Ń Ka Gbogbo Orí Tí Ó Wà Lọ́rùn,
Ilé Alájà Méje, Òkè-Odò,
Ìpótì-Èkìtì.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹsàn-án, 2025.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnjí, ẹni tí a wá títí tí a kò rí kà,

Àwa Ọ̀gá Pátápátá kí ọ. A kí ọ kú iṣẹ́, a sì kí ọ kú ariwo Adó. Ṣé dáadáa ni o wà? Joy ìyàwó rẹ ńkọ́? Ẹ̀bùnolúwa àti àbúrò rẹ̀ ńkọ́, ṣé ikọ́ tí ó ń ṣe èyí kékeré nígbà Àjíǹde ti lọ? Kẹ̀kẹ́ Márúwá tí o ń wà ńkọ́, ṣé táyà ẹ̀yìn rẹ̀ kò jò mọ́? Má bi wá léèrè bí a ṣe mọ̀. Kò sí ohun tí ọ́fíìsì wa kò mọ̀. Ní ti àwa náà, ara wa le, orí àga tí ó ń yí bírípó ni a jókòó sí kọ ìwé yìí.

Ọ̀rọ̀ iye ènìyàn ni ó mú wa kọ̀wé. Ní oṣù tí ó kọjá, àwọn tí ó ń ṣètò ìlera fi ìwé ránṣẹ́ sí Òkè-Odò nípa ilé ìwòsàn kékeré tí gbogbo yín ń pè ní Sẹ́ńtà. Wọ́n ní àdúgbò tí àwọn tí ń sùn níbẹ̀ kò bá pé ọ̀ọ́dúnrún kò ní ní nọ́ọ̀sì tirẹ̀ mọ́. Wọn yóò gbé nọ́ọ̀sì náà lọ sí Adó, nítorí Adó ti kún, àwọn aboyún ibẹ̀ a máa tò lórí ìlà láti àárọ̀ kùtù. Nọ́ọ̀sì Títílayọ̀ sì ni ó ń wẹ egbò ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà, ìyá tí ó bí baba rẹ, ní ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì. O mọ egbò yẹn. Ó ti pé ọdún mẹ́ta. Ìgbà tí Títílayọ̀ dé ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kéré.

Wọ́n wá rán omidan kan tí ń jẹ́ Jọkẹ́, ọmọ Àràmọkọ, kí ó wá ka àdúgbò. Ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, ó kí Ìyá Àgbà dáadáa, ó kúnlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń lọ létòlétò. Ó wá ní, “Mà, ọmọ mélòó ni ẹ bí?”

Ìyá Àgbà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní wọn kò ha sọ fún un ní Àràmọkọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni? Jọkẹ́ ní ìyá òun náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni. Ìyá Àgbà ní kí ó máa kú iṣẹ́ o.

Bákan náà ni ilé kejì, bákan náà ni ilé kẹta. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Alàgbà Samson, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, nítorí ó rí Bíbélì lórí tábìlì. Alàgbà ní, “Onígbàgbọ́ ni mí, ọmọ mi, n kò gba èèwọ̀ kankan gbọ́. Àmọ́ lọ ka ọmọ ẹlòmíràn ná.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ilé Ìyá Àgbà, tí orí rẹ̀ pé, tí ojú rẹ̀ sì fani mọ́ra. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Òun ni ó gbà wọ́n nímọ̀ràn pé bí ẹnu kò bá lè kà á, kí ọwọ́ sọ ọ́. Kí ilé kọ̀ọ̀kan mú igbá, kí wọ́n fi hóró kòkó kan sínú rẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Jọkẹ́ yóò wá ka kòkó, kò ní ka ọmọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo àwọn àgbàlagbà yin ọmọ náà lógo. Kí oòrùn tó wọ̀, igbá ti pé, Jọkẹ́ sì ti kà á tán. 614 ni gbogbo hóró tí ó rí. Títílayọ̀ jó díẹ̀ níwájú Sẹ́ńtà.

Ní ọjọ́ kẹrin ni ọ̀gá Jọkẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé, wọ mọ́tò wá láti Adó fúnra rẹ̀. Ilé Ìyá Àgbà ni ó kọ́kọ́ yà. Ó wo yàrá méjì tí ó wà níbẹ̀, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀ tí ó sọ pé ènìyàn mẹ́rìnlá. Ó béèrè pé àwọn mẹ́rìnlá náà dà.

Ìyá Àgbà ní, “Wọ́n ń bọ̀.”

Ó béèrè pé láti ibo. Màmá ní Túnjí àti àwọn tirẹ̀ wà ní Adó, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà wà níbẹ̀, àwọn Stephen wà ní Èkó, Daniel wà ní Kánádà. “Nathaniel sì ni ó sùn sí ẹ̀yìn ulé níbẹ̀ yẹn, lábẹ́ sìmẹ́ǹtì. Òun nìkan ni kò lọ síbì kankan.”

Akínwálé bọ́ fìlà nítorí baba rẹ. Lẹ́yìn náà ó ní òun kò lè kọ ẹni tí òun kò rí, tàbí ẹni tí òun kò gbọ́ ohùn rẹ̀, ó kéré tán.

Kò yẹ kí ó fi gbólóhùn kejì yẹn kún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ti wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Láìpẹ́, bàbá kan wúkọ́ nínú yàrá, ó ní òun rèé. Ìyá ọlọ́mọ kan bá ọmọ wí, ọmọ náà sunkún. Olùkọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní olórí kunkun. Akínwálé ń kọ, ó ń mi orí. Ẹni karùn-ún wá dáhùn pé, “Ìyá mi, èmi ni o, mo ti dé,” pẹ̀lú ohùn rẹ gan-an, Ọlátúnjí, àti ẹ̀rín tí o máa ń gba imú rín.

Akínwálé ní ó dáa, kí gbogbo wọn wá jọ dáhùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Adìyẹ kan ni ó gba ojú fèrèsé jáde.

Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ti dìde. Pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn, kò mú ọ̀pá. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn kí ó tó rí i pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó wà nínú yàrá. Kò bú u, kò gbá a létí. Ó kàn padà lọ jókòó, ó sì fa ìró rẹ̀ bo ẹsẹ̀.

Akínwálé kò bínú. Ó ní òun ti rí i bẹ́ẹ̀ rí. Èkùrọ́ ni wọ́n lò níbì kan lápá Ẹ̀fọ̀n. Ó gba omi mu, ó wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ti rẹ̀. Ó ní láti Ìjerò títí dé Àràmọkọ, àwọn arúgbó àti àwọn ọmọ iléèwé ni òun ń bá nílé. Ní Ìkógòsì, àwọn tí ó wá wo omi gbígbóná kún òtẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń lọ. Gbogbo àwọn ọ̀dọ́ wà ní Adó. Èyí tí ó wá burú ni pé Adó kò rí wọn kà. Ó ní àwọn wọ àgbàlá oníyàrá méjìlélógún kan ní Adó, ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń dá wọn lóhùn pé, “A kì í ṣe ará ibí, iṣẹ́ ni a wá ṣe, ẹ lọ kà wá nílé.” Oníkẹ̀kẹ́ kan ní ọmọ Ìpótì ni òun, òun kàn dúró díẹ̀ ni. Díẹ̀ náà ti di ọdún mọ́kànlá.

A kò mọ oníkẹ̀kẹ́ náà. A kàn gbọ́ pé Joy ti fi ẹ̀rín sọ ọ̀rọ̀ náà fún Ìyá Àgbà lórí fóònù. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko lóòótọ́, àmọ́ oko yìí pẹ́. Adó kò kà ọ́, Ìpótì kò lè kà ọ́. Nínú ìwé wa, a kò tíì bí ọ.

Wọ́n dá igbá padà fún ilé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n yọ hóró àwọn tí kò sùn níbẹ̀ kúrò. Ìyá Àgbà ń yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dárúkọ wọn lábẹ́ ètè, ó ń jù wọ́n sínú abọ́. Ó yọ Daniel. Ó yọ baba rẹ, ó fi ẹnu fẹ́ ẹ kí ó tó gbé e sílẹ̀. Ó yọ Joy, ó yọ àwọn ọmọ rẹ. Ó ní, “Ti Túnjí rèé,” ó sì pa ọwọ́ dé. Hóró méjì péré ni ó kù sínú igbá. Akínwálé ní èyí tí ó wà lọ́wọ́ wọn ńkọ́.

Ó ní, “Èyí ṣì ń rò ó.”

Àdúgbò já sí 289. Mọ́kànlá ni ó dín. Bí ìwọ, Joy àti ọmọ méjèèjì bá kó dé lónìí, ó ṣì ku méje, nítorí náà má rò pé torí kí ẹ wá kún iye ni a ṣe kọ̀wé. Títílayọ̀ yóò lọ ní ìparí oṣù yìí. Ó ń kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn bí wọ́n ṣe ń fi omi iyọ̀ wẹ egbò, bí wọ́n ṣe ń di báńdéèjì tí kò ní fún jù. Ó ní ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Wọ́n ní kí Ìyá Àgbà lọ máa gbé lọ́dọ̀ rẹ ní Adó, ó kọ̀. Ó ní bí òun náà bá lọ, ta ni wọn yóò wá bá ní ulé?

Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ mọ̀ pé kò sí ilé alájà méje ní Ìpótì. Kò sí àga tí ó ń yí. Òkúta ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí. Bọ̀ọ̀dá Túnjí, èmi Yọ̀mí àbúrò yín ni, tí wọ́n lé ní iléèwé nítorí pé mo fi ohùn ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ẹ má bínú pé mo ń pè yín ní “ìwọ” láti òkè wá. Ìyá Àgbà kò mọ̀ pé mo kọ ìwé yìí. Wọ́n ti so hóró yẹn mọ́ ìṣẹ́tí ìró, ibẹ̀ náà ni ó ṣì wà ní àárọ̀ yìí nígbà tí mo wẹ ẹsẹ̀ wọn.

Mo rò pé Akínwálé ni mo ń tàn. N kò mọ̀ pé Ìyá Àgbà yóò dìde. N kò ní ṣe ohùn yín mọ́ láéláé. Ẹ wá fi ẹnu yín sọ “mo ti dé” yẹn.

Ẹ bá mi kí àǹtí Joy, ẹ fa Ẹ̀bùnolúwa létí fún mi. Alàgbà Samson ní kí n kí yín.

Àbúrò yín ni mí, ọ̀kan nínú 289,

Yọ̀mí.