Ṣáwà Tó Lé Ìyá Wa Lọ

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú ìlera, kí ẹsẹ̀ rẹ tí ìṣó gún nínú ilé tí ò ń kọ́ sì ti jinná. Ara tèmi le.

O ní àwọn òṣìṣẹ́ ti dé bálùwẹ̀ ilé tuntun náà, kí n bá ọ yan ṣáwà. O ní èyí tó fẹ̀ bí àwo ìjẹun, irú èyí tí o rí nílé wa lọ́jọ́ tí o sin Ìyá wá, ni ọkàn rẹ fẹ́. Irú èyí tí o rí nílé wa kẹ̀! Ṣe ni itọ́ ẹnu mi korò nígbà tí mo ka ibẹ̀. Ohun tí Ìyá ń sọ kiri ni pé ọkọ mi fi ìwọ̀sí lé àwọn jáde. Ojú ń ti Ìyá láti sọ ìyókù, nítorí náà èmi ni màá sọ ọ́.

O mọ bí omi ṣe ń wọ ilé wa. Páìpù ìjọba ń gbé e bọ̀ láti títì, ó ń gun táǹkì tó wà lókè àjà, táǹkì ló sì ń já a sílẹ̀ sí bálùwẹ̀. Táǹkì yẹn kò ga ju orí ẹni tó ń wẹ̀ lọ títí. Omi tó bá já láti ibi kúkúrú bẹ́ẹ̀ kì í lágbára. Ṣáwà kékeré tí ihò rẹ̀ kò pọ̀ là ń lò tẹ́lẹ̀, a ń wẹ̀, a sì ń mọ́. Àfi ìgbà tí a sùn sí òtẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí a rí ṣáwà fífẹ̀, ojú wa bá là sódì. A ra irú rẹ̀. Omi tó ń jáde níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí imú ẹni tí òtútù mú: tó, ó dúró, tó, ó tún dúró. Ọṣẹ gbẹ mọ́ bàbá àwọn ọmọ lára bí ọ̀dà. Ká tó wí, ká tó fọ̀, a ti ra ẹ̀rọ tó ń fa omi, a so ó mọ́ páìpù títì gan-an, kò gba táǹkì kọjá mọ́. Omi wá ń ya bí nǹkan míì.

Lọ́jọ́ kejì ni Ìyá dé, tẹrù-tẹrù, nítorí orúnkún tó ń dùn wọ́n, pé ọ̀dọ̀ wa ni àwọn máa gbé títí ayé. Èmi fúnra mi ni mo mú wọn lọ wẹ̀. O mọ̀ pé Ìyá kì í wẹ̀ kí wọ́n má kọrin. Orin ọ̀hún ló já lójijì. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, omi dúdú ń ṣàn lórí wọn, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, irun ẹnìkan tí a kò mọ̀ rí lẹ̀ mọ́ wọn léjìká, ekòló kan sì ń wọ́ lẹ́bàá etí wọn. Ẹnu wọn là sílẹ̀ nítorí orin. Wọ́n ti gbé lára rẹ̀ mì. Àbúrò mi, títí di òní, tí mo bá bu omi sẹ́nu, màá kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀.

Inú gọ́tà ni páìpù títì gbà kọjá, ó sì ti sán níbẹ̀ ó ti pẹ́. Tí omi bá ń tì jáde fúnra rẹ̀, ìdọ̀tí kò lè wọlé. Lọ́jọ́ yẹn ìjọba ti omi pa, ẹ̀rọ wa sì ń fà. Ohun tó rí ló fà, ìyẹn gọ́tà tí gbogbo àdúgbò ń da ìtọ̀ ọmọ àti omi ìfọṣọ sí.

Ìyá na ìka sí ọkọ mi, wọ́n ní, “Ìwọ lo fẹ́ fi ẹ̀gbin pa mí.” Bàbá àwọn ọmọ bẹ̀bẹ̀ títí, Ìyá ò gbọ́. Wọ́n padà sínú yàrá kan ṣoṣo wọn, níbi tí wọ́n ti ń fi orúnkún yẹn pọn omi gun àtẹ̀gùn. Ìwọ náà ò kí àna rẹ mọ́ láti ìgbà náà.

Wàyí o, gbọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a so ẹ̀rọ náà, bàbá àwọn ọmọ ti lọ síbi iṣẹ́. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní, “Ohun tí púlọ́ńbà bá sọ ni kó o ṣe.” Púlọ́ńbà ní, “Mà, ìdí táǹkì ló yẹ kí n so ó mọ́. Màá tú àjà, ó máa gbà mí lọ́jọ́ mẹ́ta. Tí mo bá so ó mọ́ páìpù títì, ìdọ̀tí lè wọlé o.” Ṣùgbọ́n Ìyá ń bọ̀ lọ́la, mo sì fẹ́ fi ṣáwà mi ṣe fáàrí. Mo ní, “So ó mọ́ páìpù títì jàre, ẹnu rẹ ti pọ̀ jù.” Nígbà tí Ìyá wá na ìka sí ọkọ mi, èmi ni mo di tówẹ̀ẹ̀lì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo sì dákẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, ìdákẹ́ yẹn ló ń kó mi nírìíra jù.

Nítorí náà, wo ibi tí táǹkì rẹ ga dé kó o tó wo ṣáwà. Tí kò bá ga, ra kékeré. Tí o bá fi dandan fẹ́ fífẹ̀, gbé táǹkì ga sí i, tàbí kó o so ẹ̀rọ mọ́ ìdí táǹkì. Má so ó mọ́ páìpù títì láéláé. Lẹ́yìn náà, mú ìwé yìí lọ bá Ìyá, kó o kà á sí wọn létí láti òkè délẹ̀. Má fo ibi tí mo ti dákẹ́.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o parí ilé náà, kí o gbé e pẹ́, kí omi tó mọ́ má wọ́n nínú rẹ̀.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tí ojú ń tì.

Ó tún ku èyí: mo ti ka ìwé yìí fún bàbá àwọn ọmọ kí n tó lẹ̀ ẹ́ pa. Láàárọ̀ yìí wọ́n ra korobá tuntun, wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n pọn omi kún un, wọ́n sì gbé e sí bálùwẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ kò ju pé, “Sọ fún Ìyá pé tiwọn nìyẹn.”