Ipò Kejì tí Bàbá Wa Gbà: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Alàgbà Ẹkúndayọ̀ Ọmọ́jọlá (1957–2025)

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1957 ni a bí Alàgbà Ẹkúndayọ̀ Ọmọ́jọlá sí agboolé Ọmọ́jọlá ní Ìdí-Arẹ̀rẹ̀, Ìbàdàn. Olóògbé Samuel Ọmọ́jọlá, aránṣọ tí gbogbo àdúgbò mọ̀, ni ó bí wọn lọ́mọ. Olóògbé Abígéèlì ni ìyá wọn. Àwọn òbí yìí ti sin ọmọ méjì kí wọ́n tó bí Bàbá, ìdí nìyẹn tí orúkọ Bàbá fi jẹ́ Ẹkúndayọ̀. Ìbàdàn ni Bàbá ti kàwé, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní ọdún 1977, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣì ń fi ọkùnrin tó bá ń ṣe nọ́ọ̀sì ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá kì í dá yẹ̀yẹ́ lóhùn. Ìwà yẹn kò kúrò lára wọn títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ní ọdún 1986 ni wọ́n gbé màmá wa, Morọ́láyọ̀ Adékọ́lá, níyàwó ní ìlànà Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta dá wọn lọ́lá. Gbogbo wa kó wá sí Maryland ní 1998, a sì fìdí kalẹ̀ sí Clinton. Bàbá ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé-ìwòsàn kan ní Washington títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2022. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ṣiṣẹ́ tó, kí ó bi Route 5, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ síbi iṣẹ́, léèrè. Ní ìjọ wa ní Fort Washington, bí ìsìn bá ti parí, Bàbá á gbé ẹ̀rọ wọn kalẹ̀, wọ́n á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn àgbàlagbà wò, wọ́n á sì máa bá ẹni tó bá jẹ iyọ̀ jù wí. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí lónìí ni Bàbá ti bá wí.

Ṣùgbọ́n eré mọ́tò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ Bàbá. Ní 2010 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ pẹ̀lú Taofeek, awakọ̀ akẹ́rù tó ń gbé Capitol Heights, àti Rasaq tó jẹ́ mẹkáníìkì. Corolla àtijọ́ kan tí ẹnìkan ti fi kọlu igi ni Rasaq tún ṣe. Pápá oníyẹ̀pẹ̀ kan wà ní apá gúúsù Maryland, níbi tí àwọn mọ́tò kéékèèké ti ń sá eré yípo ní Sátidé. Inú tírélà ńlá ni àwọn ẹgbẹ́ yòókù ń gbé mọ́tò wọn wá. Tiwa, ẹ̀yìn mọ́tò tí màmá wa fi ń lọ sọ́jà ni wọ́n ń so ó mọ́. Taofeek ló ń wà á, Bàbá sì ni olórí ẹgbẹ́. Kí wọ́n lè ráyè ní Sátidé, Bàbá ń gba iṣẹ́ Kérésìmesì àti Ọdún Tuntun ṣe fún àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ wọn, kí àwọn yẹn lè bá wọn ṣe ti Sátidé. Kérésìmesì tí a bá Bàbá jẹ láàárín ọdún wọ̀nyẹn kò pọ̀. Ó dùn wá nígbà náà. Kò yẹ kí a purọ́ níwájú òkú.

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń gbẹ́yìn. Ní 2014, nǹkan yí padà. Taofeek bẹ̀rẹ̀ sí í borí, títí ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kà sí fi ṣíwájú gbogbo ẹgbẹ́. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, ó ku eré kan ṣoṣo. Bí Corolla wa bá ti lè ṣáájú mọ́tò pupa tó tẹ̀ lé e dé òpin, ife-ẹ̀yẹ ọdún náà di tiwa. Ìjọ gbàdúrà sí i. Àwọn tó ń bá Taofeek kírun ní mọ́ṣáláṣí náà gbàdúrà sí i.

Màmá Àgbà, ìyẹn Olóògbé Dọ́káàsì Adékọ́lá tó bí màmá wa, tẹ̀ lé wọn lọ ní ọjọ́ náà. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n. Nígbà tí Taofeek lọ kírun Àsárì, Màmá Àgbà yọ ìgò òróró àdúrà nínú báàgì, wọ́n dà á sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n sì fi ya àgbélébùú ńlá sára gíláàsì iwájú, ní ọ̀gangan ojú awakọ̀. Bàbá mọ̀ pé eruku pápá yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ti mú aṣọ ìnugíláàsì lọ́wọ́ nígbà tí Màmá Àgbà di ọwọ́ wọn mú.

“Dáyọ̀, má nù ún o. Òróró Olúwa ni.”

“Ẹ ṣé, mà,” ni Bàbá sọ.

Wọ́n rò pé àwọn yóò nù ún bí Màmá Àgbà bá ti lọ jókòó. Màmá Àgbà kò lọ jókòó. Wọ́n dúró ti mọ́tò náà, wọ́n ń kọrin, títí Taofeek fi dé, tó wọlé sínú mọ́tò, tí wọ́n sì pe gbogbo wọn sójú pápá. Abẹ́ ibòòji ni mọ́tò wà. Taofeek kò rí nǹkan kan. Ìyá ìyàwó ni, àgbà ni, àdúrà ni wọ́n sì fi òróró náà gbà. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò fi àkísà nù ún lójú wọn?

Taofeek ló kọ́kọ́ ń ṣíwájú. Nígbà tó yá, eruku bo òróró náà, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń tàn sí i lójú bó bá ti ń yípo. Ó wá ń dẹ ẹsẹ̀ níbi tó yẹ kó ti tẹ iná. Ní ìyípo tó kẹ́yìn, mọ́tò pupa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ohun tó fi ṣáájú rẹ̀ kò ju imú mọ́tò lọ.

Taofeek fi ìbínú bọ́ sílẹ̀. “Who touched my windshield? Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí nǹkan kan o! I was driving blind!”

Màmá Àgbà wà nítòsí, wọ́n ń jó pé àwọn ọmọ àwọn gba ipò kejì ní Amẹ́ríkà. Bàbá wò wọ́n, wọ́n sì dá Taofeek lóhùn: “Èmi ni mi ò nu glass yẹn. It's my fault. Má bínú.”

Kì í ṣe irọ́. Àwọn ni wọn kò nù ún. Ìdí tí wọn kò fi nù ún ni wọn kò sọ.

Taofeek gbé akoto rẹ̀ lọ sílé, ẹgbẹ́ sì tú ká. Màmá Àgbà dìde jẹ́rìí nínú ìjọ pé àdúrà gbé àwọn ọmọ dé ipò kejì. Ní ti Bàbá, ibi ayẹyẹ yòówù tí wọ́n bá lọ, ẹnìkan á bi wọ́n bóyá wọ́n ti nu gíláàsì, gbogbo ènìyàn á rẹ́rìn-ín, Bàbá náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ní gbogbo Iléyá ni Bàbá ń lọ kí Taofeek ní Capitol Heights. Ràbíátù, ìyàwó rẹ̀, ló ń gbà wọ́n lálejò. Taofeek kì í jáde sí wọn. Màmá Àgbà kú ní 2021, síbẹ̀ Bàbá kò sọ ọ́.

Nígbà tí àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, màmá wa, tí wọ́n wà ní pápá lọ́jọ́ náà tí ọ̀rọ̀ náà sì ṣojú wọn, kò lè gbé e mọ́ra mọ́. Wọ́n pe Taofeek, wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó dé Clinton ní ọjọ́ náà gan-an.

“Ẹ̀gbọ́n, why didn't you tell me? All these years!”

“Màmá ń gbàdúrà fún ẹ ní gbogbo àárọ̀ títí wọ́n fi kú,” ni Bàbá wí. “Inú wọn dùn sí second place yẹn gan-an. Ṣé kí n gbà á lọ́wọ́ wọn ni?”

Taofeek sunkún bí ọmọdé. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń gbé Bàbá lọ sí ilé-ìwòsàn, òun ló ń gbé wọn bọ̀, títí Bàbá fi sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án. Màmá wa ló ní kí a kọ ọ̀rọ̀ yìí síbí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe ọkọ àwọn ní aláìbìkítà mọ́.

Àwọn tí Bàbá fi sílẹ̀ sáyé lọ ni: aya wọn, Morọ́láyọ̀, àwọn ọmọ wọn, Tóyìn, Akínwùmí àti Délé, àwọn ọmọ-ọmọ wọn, Ethan àti Michelle, àti àbúrò wọn ọkùnrin kan ṣoṣo, Taofeek.

Bàbá, ẹ sinmi. Ẹ bo àṣírí àgbà, ẹ sì fi ara yín gba ẹ̀gàn. Kí Ọlọ́run bo àṣírí àwa tí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ sùn re o.