Bá Mi Bu Ooru Díẹ̀ Sí Òjò Sátidé

Péjú, ọmọ ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o, o kú ìlú Àkúrẹ́. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa ní Oǹdó níbí ò ní í sùn lọ́dọ̀ rẹ lọ́hùn-ún. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń bínú. Bísọ́dún, ìyàwó Bùsóyè àbúrò bàbá rẹ, ló ń bá mi kọ ìwé yìí, ó ń rẹ́rìn-ín, má dá a lóhùn.

Òjò oníjì ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣí páànù orí ilé ìdáná wa. Inú kọ́kọ́ bí mi sí ọ, torí ìwọ lo sọ lórí fóònù pé inú kọ̀ǹpútà ní yunifásítì yín lẹ ti ń rọ òjò tó le, láti fi wádìí ohun tó ń mú un le. Mo ní ṣé tiwa ló já bọ́ lọ́wọ́ yín ni? Látọjọ́ náà, ọ̀rá ni mo fi ń wé fóònù mi bí o bá ti ń pè, kí omi má baà gba ibẹ̀ wọlé.

O tún ní oòrùn á yan ilẹ̀ lọ́sàn-án, ooru á gòkè, ìkùukùu náà á máa tú ooru tirẹ̀ sókè, gbogbo ẹ̀ ló ń mú kí òjò le sí i. Pé nígbà tí ẹ yọ ooru yẹn kúrò nínú ti kọ̀ǹpútà, òjò náà dín kù. Ọ̀rọ̀ yẹn mú mi rántí bàbá àgbà rẹ. Bí oòrùn bá ti ta lágbàlá jù, á ní ká kó kòkó wọlé, òjò alẹ́ yìí máa bínú. Bó bá wá dé, àwa mẹ́ta lórí ẹní kan, ìwọ ọmọ kékeré á ní ta ló ń sọ òkúta lórí páànù, òun á ní Ọlọ́run ló ń da kòkó Rẹ̀ sílẹ̀ kó lè gbẹ.

Bàbá àgbà rẹ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan gbogbo páànù ilé yìí. Bùsóyè wá ní òun máa ṣí gbogbo ẹ̀, pé àwọn káfíńtà ń bọ̀ ní Sátidé, wọ́n á kan tuntun, wọ́n á fi sílíìnì sábẹ́ rẹ̀, mi ò ní í gbọ́ ariwo òjò mọ́. Mo ní ta ló sọ fún ọ pé ariwo ni? Ó ní Màámi, páànù ti dógùn-ún. Mo ní èmi náà ti dógùn-ún, ṣé o máa pààrọ̀ mi ni?

Péjú, bá mi bẹ ọ̀gá yín. Kí ẹ bu ooru sí òjò Oǹdó ní Sátidé, díẹ̀ ni o, èyí tí káfíńtà ò fi ní í lè gòkè, tí kò sì ní í ṣí páànù. Bísọ́dún ní òun ò kọ ìyẹn, ọkọ òun á rí i. Mo ní kó kọ ọ́, kó sì kà á sí mi létí.

Fi owó ìṣó ránṣẹ́, ká fi kan èyí tó ṣí padà. Bí ọ̀gá yín ò bá gbà, ìwọ gan-an wá ní Fúráìdé. Mo ti sá ẹní wa sóòrùn. Káfíńtà wo ló máa ṣí páànù lórí ọmọ tó ń sùn?

Ilé ò ní í ṣí mọ́ ọ lórí. Ire á máa dà lé ọ wàràwàrà, bíi kòkó lórí ẹní.

Èmi ni, ìyá àgbà rẹ.