Ọmọbìnrin Ló Sin Bàbá Rẹ̀

Old Trafford,
Manchester.
Oṣù Kẹwàá, 2011.

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ sì kú ará fẹ́ra kù Bàámi. Ṣé ẹ ń jẹun? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ọkọ mi àti àwọn ọmọ ní kí n kí yín gan-an.

Màámi, ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá ṣì ń bà mí lẹ́rù. Ẹ rántí Màmá Sunita, ará Íńdíà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó máa ń ní kí n bá òun kí yín lórí fóònù? Ọkọ rẹ̀ kú.

Inú pálọ̀ wọn ni ẹgbẹ́ Híńdù kan tí wọ́n ń pè ní Arya Samaj ti bẹ̀rẹ̀ ládùúgbò wa. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, bí a bá ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, wọn a dáná sínú ìkòkò bàbà kékeré kan, wọn a máa da bọ́tà yíyọ́ sí i, aláàmù èéfín wọn a sì máa han gooro. Èmi a ní, "Jésù, gbà wá!" Kí a tó mọ̀, mọ́tò wọn ti gba gbogbo títì. Nígbà tó yá, wọ́n ra ilé ọtí kan tó ti kógbá sílé, wọ́n sọ ọ́ di ilé àdúrà. Ibẹ̀ ni a lọ fún ìsìnkú.

Mo gbé òróró àdúrà sínú báàgì mi. Mo ti pinnu pé ère àkọ́kọ́ tí mo bá rí, n óò ta òróró sí i lẹ́sẹ̀. Mo wò yíká títí ọrùn fi ń dùn mí. Kò sí ère kankan! Obìnrin tó jókòó tì mí rò pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mò ń wá. Nígbà tí mo béèrè ère lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní àwọn kì í bọ ọ́, pé ìyẹn wà lára ohun tí ẹgbẹ́ àwọn wá tún ṣe. Ojú tì mí, mo pa báàgì mi dé.

Ìyẹn ṣì kéré. Láti ayébáyé, ọmọkùnrin ló ń finá sí òkú bàbá láàárín wọn. Bàbá Sunita kò bí ọkùnrin. Àbúrò bàbá náà ọkùnrin ti wọ aṣọ funfun, ó ti múra tán, àfi bí Sunita ṣe dìde. Àbúrò bàbá náà ní obìnrin kì í ṣe é. Màmá Sunita, tí kì í gbóhùn sókè, ní: "Ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Ṣé ọmọ rẹ̀ ni ìwọ náà?" Háà! Sunita ka ìwé mímọ́ wọn, ó da bọ́tà síná, nígbà tí a sì dé ibi tí wọ́n ti ń sun òkú, òun ló tẹ bọ́tìnì tí pósí fi wọnú iná lọ.

Mo bú sẹ́kún. Wọ́n rò pé bàbá wọn ni mò ń sunkún, Bàámi ni. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ ní Bàbá Ṣẹ̀san, àbúrò Bàámi, ti pàṣẹ pé Ṣẹ̀san ni yóò kọ́kọ́ da yẹ̀pẹ̀ sí sàréè nítorí pé obìnrin ni mí, ẹ sì ní kí n gbà kí ilé má bàa dàrú. Mo gbà lọ́jọ́ náà. Màámi, mi ò gbà mọ́. Bàámi tó ń gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ síléèwé ní Ìpẹru, èmi nìkan ló bí. Bí mo bá dé fún ìsìnkú rẹ̀, èmi ni n óò kọ́kọ́ da yẹ̀pẹ̀. Ó ya èmi gan-an lẹ́nu bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Bàbá Ṣẹ̀san bí Màmá Sunita ṣe sọ ọ́.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún mi. Ojú yín kò ní rí ọ̀fọ̀ mìíràn, ẹ óò sì pẹ́ jẹun ọmọ.

Èmi ni ọmọ yín kan ṣoṣo,
Yéwándé.

Mo tún rántí: Anthony tó mú lẹ́tà yìí wá ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbí, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, ẹ fún un lóúnjẹ. Òróró àdúrà yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ máa fi pa ẹsẹ̀ yín, kí ẹ lè bá mi dúró lẹ́bàá sàréè.