Àpò Tí Mo So Síwájú Ọkọ̀

Ọjọ́bọ, ìrọ̀lẹ́. Bwari.

Èmi ni mo jẹ́ kí píkọ́ọ̀pù àtijọ́ ọkọ mi máa gbóná. Nítorí eruku ọyẹ́ ni mo ṣe so àpò ìrẹsì bo iwájú rẹ̀. N kò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ fẹ́ sí rédíétọ̀ tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù.

Hànátù, obìnrin mẹkáníìkì wa, ló tú àpò náà. "Kai, Ìyá Tómi! Ṣé ẹ fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì lọ́rùn pa ni?"

Láti Minna tó ti ń ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ lọkọ mi ń pe Hànátù nítorí ọkọ̀ yìí, wọn a sì jọ máa rẹ́rìn-ín. Èmi ńkọ́? Bó bá pè mí, "Ọmọ dà?" ló máa ń béèrè. Ó parí. Mo ń jowú, mi ò purọ́.

Ọkọ mi kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ àpò yìí lẹ́nu Hànátù. Mo ti tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí i: "Bàbá Tómi, èmi ni mo so àpò yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn."